Bí A Ṣe Ń Lo «Avoid» Nínú Gẹ̀ẹ́sì: Ìtọ́sọ́nà Fún Àwa Tí A Fi Faransé Kàwé

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ mi. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ CEG, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama, ní Kétu ilẹ̀ Benin níbí, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyá àti bàbá tó ń ṣòwò lọ sí Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà máa ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ ti dìde kúrò. Àtọmọdé àtàgbà wọn, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mú nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà ni «avoid».

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Ọjà púpọ̀ tí à ń rà ní Kétu, Nàìjíríà ló ti ń wọlé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì kọ sí wọn lára. Àwa tí a ń rà wọ́n, Faransé la fi kàwé. Ìgò oògùn ikọ́, ìpara, omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun, gálọ́ọ̀nù oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sí koríko: ẹ yẹ ara wọn wò, ẹ ó rí «avoid» níbẹ̀, ìkìlọ̀ ló sì máa ń gbé wá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á kà á kọjá bí ẹni tó ka orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà náà. Èyí ò dára. Ara wa àti ara ọmọ wa ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu, ká lè máa pè é bó ṣe yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Faransé dáadáa máa ń rí «oi» àárín rẹ̀, á sì pè é bíi ti «froid» tàbí «droit». Nínú Gẹ̀ẹ́sì, «oi» kì í dún bẹ́ẹ̀. Ó dún bí «ọ» tí «i» tẹ̀ lé kíákíá, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ «d» tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má gbé e mì bí Faransé ṣe ń gbé tirẹ̀ mì. Ní ti «v», àwọn ará wa lódìkejì ẹnubodè tí kò gbọ́ èdè mìíràn ju Yorùbá lọ máa ń sọ ọ́ di «f», nítorí pé Yorùbá ò ní i. Àwa ti ń gbọ́ «v» nínú Faransé láti kékeré, ẹ lò ó: eyín òkè lórí ètè ìsàlẹ̀, kí ohùn máa dún. «A» tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún rárá. Orí «void» ni gbogbo agbára wà. Tó bá jẹ́ ohun tó ti kọjá, «avoided» ni, ìró mẹ́ta, nítorí «d» ló parí ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. «Ed» náà ń dá dún bó ṣe ń dún nínú «needed» àti «ended». «D» kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ síwájú «ed», ẹ má sọ ọ́ di méjì.

Ní ti ìtumọ̀, «yẹra fún» ló sún mọ́ ọn jù. Nǹkan kan wà níwájú. O ti rí i, tàbí o mọ̀ pé ó lè dé. O wá yà kó má bàa kàn ọ́. Nǹkan náà lè jẹ́ ènìyàn: «She avoids him», ó ń yẹra fún un, kò fẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé. Ó lè jẹ́ ibi: «Avoid that road at night», má gba ọ̀nà yẹn lóru. Ó sì lè jẹ́ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ tí kò sì ṣẹlẹ̀: «We avoided an accident.» Nínú ti ìkẹyìn yìí, Yorùbá lè má lo «yẹra» rárá. A lè sọ pé ó kù díẹ̀ kí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run yọ wá. Bí ó ti wù kí Yorùbá gbé e, Gẹ̀ẹ́sì á fi «avoid» sọ ọ́.

Òwe wa tó ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, inú rẹ̀ ni ìtumọ̀ «avoid» pé sí jù lọ. Arọ náà ò bá ogun jà, kò sì dá ogun dúró. Ó gbọ́ ìró rẹ̀ ṣáájú, ó sì ti kúrò níbẹ̀ kí ó tó dé. Ẹ mú arọ yẹn dání, a ó tún nílò rẹ̀ nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ «prevent» àti «escape».

Ibi tó gba àkókò mi jù ló kàn: kí ló máa ń tẹ̀ lé «avoid»? Tó bá jẹ́ orúkọ, wàhálà ò sí. «Avoid trouble», «avoid sugar», «avoid that man». Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe ni ẹsẹ̀ máa ń yọ̀. Faransé ní «éviter de boire». Ọmọ tí orí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Faransé á mú «boire» di «to drink», á sì kọ «avoid to drink». Gírámà ìwé tí ó ti kà láti kékeré ló fi ṣe é, kì í ṣe ọ̀lẹ. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà á. «Avoid drinking» ni. «Avoid» kì í bá «to» rìn lẹ́yìn rẹ̀ láé. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ gbé «-ing» wọ̀.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nìyí, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn: ẹ má gba ojú ọ̀nà Faransé lọ síbẹ̀, ẹ gba ti Yorùbá. Ṣé Yorùbá máa ń sọ pé «yẹra fún mu ọtí»? Rárá o. «Yẹra fún mímu ọtí» là ń wí. A ò lè gbé «mu» lásán síbẹ̀, a ní láti sọ ọ́ di «mímu» kó tó lè jókòó lẹ́yìn «fún». Ohun kan náà gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe nígbà tó ń sọ «drink» di «drinking». Àpètúnpè tiwa, «-ing» tiwọn. Lọ, lílọ, «go», «going». Jẹ, jíjẹ, «eat», «eating». Sọ, sísọ, «say», «saying». Rà, rírà, «buy», «buying». Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá gbọ́n Yorùbá kò ní láti há òfin kankan sórí. Kó kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá, kó gbọ́ bóyá àpètúnpè wà níbẹ̀. Tó bá wà, «-ing» ni kó kọ.

Èyí tún bá wa dé ibi tó jinlẹ̀ díẹ̀. Yorùbá ní ọ̀nà méjì: a lè sọ pé «yẹra fún jíjà», a sì lè sọ pé «yẹra fún ìjà». Gẹ̀ẹ́sì náà ní méjèèjì, «avoid fighting» àti «avoid a fight». Èkínní ń sọ nípa ohun tí ìwọ fúnra rẹ ń ṣe, èkejì ń sọ nípa ìjà kan tó fẹ́ dé. Ìyàtọ̀ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìyàtọ̀ wọn nínú Yorùbá. Bóyá ẹ ò mọ̀ pé ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ọmọbìnrin kan bi mí nínú kíláàsì nígbà tí mo sọ èyí: «Màdáàmù, ṣé Yorùbá náà ní gírámà ni?» Inú mi bàjẹ́, kì í ṣe sí ọmọ náà. Ó ti ń sọ èdè náà láti ìgbà tó ti ń rákò, kò sì sí ẹni tó sọ fún un rí pé òfin wà nínú rẹ̀. Mo ní kó dìde, kó sọ «wá», «dé», «kú», «rà» di ọ̀rọ̀ orúkọ fún wa. Ó ní wíwá, dídé, kíkú, rírà, kò ṣi ọ̀kankan. Mo ní gírámà nìyẹn. Ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì kọ «avoid coming» sínú ìwé rẹ̀ láìjẹ́ pé mo tún sọ ọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e lọ sára ọjà. Àbúrò mi ọkùnrin ń dáko àgbàdo, ó sì gbé gálọ́ọ̀nù oògùn koríko kan wá bá mi nílé.

«Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbí.»

«Avoid breathing spray» ló wà níbẹ̀. Mo ní kó gbìyànjú ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó mọ «breathing», ó ní «respirer» ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tó bá jẹ́ Faransé ni wọ́n kọ, «éviter de respirer» ni ì bá rí. Ní tiwa ńkọ́? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: «Yẹra fún mímí i sínú.» Mo ní wo «mímí», wo «breathing». Ó wá bi mí ní ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ju gírámà lọ: «Ṣé torí ẹ̀ ni orí fi máa ń fọ́ mi lẹ́yìn tí mo bá fín in tán?» Mi ò kí ń ṣe dókítà. Mo ní kó lọ sí ilé ìwòsàn, kó sì mú gálọ́ọ̀nù náà dání kí wọ́n lè kà á. Mo ní kó tó tún fín in, kó wá ohun bo imú àti ẹnu, kó má sì dojú kọ atẹ́gùn.

Gbólóhùn yẹn kì í ṣe èyí tí ilé iṣẹ́ kan ṣàdédé kọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ètò kan tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń kọ ìkìlọ̀ sára kẹ́míkà, kí ọ̀rọ̀ má bàa yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. P261 ni «Avoid breathing», ohun tí wọ́n sì máa ń tò tẹ̀ lé e ni eruku, èéfín, gáàsì, ìkùukùu, ooru tàbí omi tó ń fọ́n jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, bí kẹ́míkà náà bá ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ tún ṣọ́ P260 tó ṣáájú rẹ̀. «Do not breathe» ni tirẹ̀. Kò ní «avoid» nínú. «Do not» le ju «avoid» lọ: «má ṣe é rárá» ni, ara kẹ́míkà tí ewu rẹ̀ pọ̀ ju ti P261 lọ ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí. «Avoid» ní tirẹ̀ ń sọ pé sa gbogbo ipá rẹ kó má kàn ọ́. Èyí ò sọ ọ́ di ìmọ̀ràn lásán tí ènìyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Lára ìgò, ìkìlọ̀ ni.

Àwọn méjì mìíràn wà tí mo máa ń fẹ́ kí gbogbo ìyá mọ̀. P263: «Avoid contact during pregnancy and while nursing.» Àwọn ọmọ mi máa ń rí «nursing», wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ni, pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ni wọ́n ń bá wí. Rárá. «Nursing» níbí ni fífún ọmọ lọ́mú. Ohun tó ń sọ ni pé kí aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ má ṣe jẹ́ kí ohun inú ìgò náà kàn wọ́n. Ẹ wo ìyá tó gbé ọmọ sẹ́yìn tó sì ń po oògùn koríko fún ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò yé e ló fi ń ṣe é. Èkejì ni P273, «Avoid release to the environment», ìyẹn ni pé ẹ má jẹ́ kó ṣàn lọ sínú omi tàbí sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ẹ lò ó sí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣan ẹ̀rọ ìfínko nínú odò, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ní ti oògùn tí à ń mu, «Avoid alcohol» ló wọ́pọ̀. Metronidazole, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Flagyl, ìwé inú páálí rẹ̀ máa ń kìlọ̀ pé kí ẹni tó ń lò ó má mu ọtí. «Alcohol» yìí kì í ṣe bíà nìkan o. Sódábì, ìyẹn ògógóró tiwa, wà nínú rẹ̀, ẹmu wà nínú rẹ̀. «Avoid contact with eyes» ni ti ìpara àti ọṣẹ: má jẹ́ kó kan ojú. «Contact» níbẹ̀ jẹ́ orúkọ, ìdí nìyẹn tí kò fi gbé «-ing».

Mo ti yin Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí òun náà ti lè ṣi yín lọ́nà. «Yẹra fún», «sá fún», «yàgò fún»: «fún» ò kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kó Yorùbá sínú Gẹ̀ẹ́sì á fẹ́ fi nǹkan dípò «fún» yìí, á kọ «avoid for him» tàbí «avoid from him». Kò sí «fún» kankan nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. «Avoid him», ó tán. Ohun tí ẹ ń yẹra fún ló gbọ́dọ̀ fara kan «avoid» láìsí ohunkóhun láàárín wọn.

Èkejì le ju èyí lọ nítorí ó fara sin. Nílé, bí ọmọ bá ń sáré lórí omi tó dà sílẹ̀, a máa ń pariwo pé «ṣọ́ra kí o má bàa ṣubú». «Má» wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bá fẹ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, á gbé «má» yẹn dání, á sì kọ «avoid not to fall» tàbí «avoid not falling». Tí ẹ bá tẹ̀ lé e bó ṣe wà, ohun tó ń sọ ni pé kí ọmọ yẹra fún àìṣubú, ìyẹn ni pé kó ṣubú! Inú «avoid» ni «má» ti wà tẹ́lẹ̀. «Avoid falling» ti tó. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí «má» hàn, ẹ lo «Be careful not to fall» tàbí «Try not to fall», kí ẹ fi «avoid» sílẹ̀.

Ó tún ku Faransé méjì. «Éviter que» ni àkọ́kọ́. Wọ́n á kọ «I want to avoid that my child falls». Gẹ̀ẹ́sì ò ní «avoid that» irú èyí. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ ló fẹ́ ṣubú, ìwọ kọ́, «avoid» sì jẹ́ ti ẹni tó ń yà fúnra rẹ̀. «I want to prevent my child from falling» ni kí ẹ kọ, tàbí «stop my child from falling». Èkejì ni «éviter à quelqu'un», bí ẹni tó fẹ́ gba ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà: «avoid me the trouble» kò sí. «Spare me the trouble» tàbí «save me the trouble» ni.

Àwa ọmọ Kétu kò yẹ kí a ṣi «prevent» mú rárá. Ta ni kò mọ Àkábà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ tí ìlú fi ń ṣọ́ ara rẹ̀? Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìdènà, ohun tó dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn. «The gate prevented enemies from entering the town.» Ẹnu ibodè kì í kúrò níbi tó wà, ọ̀tá ló ń bọ̀, òun ló sì dá ọ̀tá dúró. Nítorí náà ẹ ò lè sọ pé «the gate avoided enemies». Ẹni tó bá «avoid», òun fúnra rẹ̀ ló yà. Ẹni tó bá «prevent», ẹlòmíràn tàbí nǹkan mìíràn ló dènà. Ẹ sì kíyè sí «from» àti «-ing» tó tẹ̀ lé «prevent», «from» kò sí lẹ́yìn «avoid».

Ẹ ó rí i tí wọ́n ń lo méjèèjì fún ìjàǹbá, «avoid accidents» àti «prevent accidents», méjèèjì sì tọ̀nà. Awakọ̀ tó rọra ń wakọ̀ kó má bàa kó sínú ìjàǹbá ni ti àkọ́kọ́. Ìjọba tó tún ọ̀nà ṣe kí ìjàǹbá má bàa ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni ni ti èkejì.

Nísinsìnyí, ẹ gbé arọ inú òwe wa wá. Ní 1886, ogun Dàhómì kó Kétu, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú. Ká ní ẹnì kan ti gbọ́ ìró ogun náà, tó ti kó ẹbí rẹ̀ lọ sí ibòmíràn kí wọ́n tó dé, «he avoided capture» ni Gẹ̀ẹ́sì á sọ. Ká ní wọ́n ti mú ẹlòmíràn, tó wá já okùn lójú ọ̀nà tó sì sá lọ, «he escaped» ni. «Avoid» ṣáájú, «escape» lẹ́yìn. Ẹni tó ti wà nínú ẹ̀wọ̀n kò lè «avoid» ẹ̀wọ̀n mọ́. «Escape from» ni tirẹ̀ nígbà náà, bọ́ lọ́wọ́, sá kúrò.

Àwọn yòókù kò gba àlàyé gígùn. «Dodge» ni kí ènìyàn yẹ nǹkan kíákíá pẹ̀lú ara, bí ẹni tí wọ́n sọ òkò sí tó yẹ orí. Wọ́n tún ń lò ó fún ẹni tó ń yẹ ìbéèrè. «Shun» ni kí a kọ ẹnì kan sílẹ̀, kí a má bá a ṣe mọ́, ọ̀rọ̀ tó wúwo ni. «Elude» ni kí nǹkan máa bọ́ mọ́ni lọ́wọ́ bí a ti ń wá a: «His name eludes me», orúkọ rẹ̀ kò wá sí mi lẹ́nu.

«Evade» ni mo fẹ́ kí àwọn oníṣòwò mi dúró lé lórí. Ó ní ọgbọ́n àrékérekè nínú. Ẹni tó ń «evade» ń sá fún ohun tí òfin tàbí iṣẹ́ rẹ̀ ní kó ṣe: ó ń sá fún ọlọ́pàá, ó ń sá fún owó orí, ó ń sá fún gbèsè. Nínú ọ̀rọ̀ owó orí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín «tax avoidance» àti «tax evasion» lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ilé àti ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó wo inú òfin, tó rí ọ̀nà tí òfin fúnra rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láti san owó tó kéré, tó sì gba ibẹ̀, «avoidance» ni. Ẹni tó pa irọ́ nípa iye ọjà rẹ̀, tàbí tó gba ọ̀nà inú igbó kí aṣọ́bodè má bàa rí i, «evasion» ni, ọ̀ràn sì ni. Nítorí náà, bí aṣọ́bodè Nàìjíríà bá bi yín léèrè ìdí tí ẹ fi wá bá òun kí ẹ tó kọjá, «I want to avoid problems» ni kí ẹ sọ. Ẹ má jẹ́ kí «evade» jáde lẹ́nu yín níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ ìran ọ̀rọ̀: «avoid» àti «éviter» kì í ṣe ọmọ ìyá, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ara wọn nínú ìtumọ̀. Inú ọ̀rọ̀ Faransé àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí kí a sọ nǹkan di òfìfo ni «avoid» ti jáde, ìbátan «vide» àti «vider» ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí «void» nínú rẹ̀, tí ẹ sì máa ń rí «null and void» lórí ìwé tí kò lágbára mọ́. Ìbátan «éviter» nínú Gẹ̀ẹ́sì ni «inevitable», ohun tí kò ṣeé yẹ̀. «Unavoidable» náà wà, ìtumọ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ẹ fi àwọn wọ̀nyí dán ara yín wò. Ẹ fi ọwọ́ bo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ ná.

Yẹra fún jíjẹ ata. Ó ti ń sá fún mi láti ọjọ́ ọjà tó kọjá. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má bàa pẹ́ dé. Àwọn ọlọ́pàá ò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Mo fẹ́ yẹra fún wàhálà lẹ́nubodè.

Èkínní: «Avoid eating pepper», jíjẹ ló sọ ọ́ fún yín. Èkejì: «He has been avoiding me since the last market day», láìsí «from» láàárín «avoiding» àti «me»; tó bá jẹ́ obìnrin, «she». Ẹ̀kẹta: «Avoid being late» tàbí «Be careful not to be late», ẹ má so méjèèjì pọ̀. Ẹ̀kẹrin kì í ṣe ti «avoid» rárá, ọlọ́pàá ló dènà: «The police prevented them from entering.» Ìkarùn-ún ni «I want to avoid trouble at the border». Ẹ̀yin tí mo ti sọ fún pé «to» kò gbọ́dọ̀ bá «avoid» rìn, ẹ wo ibi tó wà: iwájú «avoid» ni, «want» ló pè é wá, ààyè rẹ̀ sì nìyẹn. Ẹ̀yìn «avoid» nìkan ni mi ò ti fẹ́ rí i.